Ìròmi Ń Jó, Ẹ Lọ Wo Onílù: Bí A Ṣe Ń Yẹ Odò Ilẹ̀ Okun Wò

Ẹni tó bá dúró létí odò lásìkò ọyẹ́, ì báà jẹ́ ní Kabba, ní Ìsánlú tàbí ní Mopa, nílẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogi, ìròmi ni yóò kọ́kọ́ rí. Omi mọ́ gaara, iyanrìn ìsàlẹ̀ ń tàn, ìròmi ń yí gbirigbiri lójú omi, ojú á sì ti pinnu pé odò yìí dáa. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ìròmi tó ń jó lójú omi, onílù rẹ̀ ń bẹ nísàlẹ̀ odò. Ẹ gba òwe yẹn bí ìlànà iṣẹ́ gan-an. Afẹ́fẹ́ òkè ni ìròmi ń mí. Tó bá fẹ́ rì, á gbé díẹ̀ sábẹ́ ìyẹ́ lọ. Bí ọ́síjìn inú omi bá tán pátápátá, ijó rẹ̀ kò ní dúró. Ẹja àrọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀: ó ní ẹ̀yà kan lórí tó fi ń mí afẹ́fẹ́, ìdí nìyẹn tó fi ń yè nínú ẹrẹ̀ tí ẹpìyà ti kú sí. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní ẹja ṣì wà nínú odò kan, ẹ bèèrè irú ẹja tó jẹ́.

Onílù tí à ń wá ni àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ tó ń gbé abẹ́ òkúta, inú ewé jíjẹrà àti gbòǹgbò etí odò. Ọ́síjìn inú omi ni ọ̀pọ̀ wọn ń mí, wọn kò lè sá lọ, àwọn mìíràn sì ń lo oṣù mélòó kan níbẹ̀ kí wọ́n tó hu ìyẹ́ kí wọ́n fò. Omi tí ẹ bù sínú ìgò lónìí, ọ̀rọ̀ òní nìkan ló mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá da májèlé sódò lọ́jọ́ Àìkú, ó ti lè ṣàn lọ tán kí ìgò ọjọ́ Ajé tó dé, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀dá tó pa kò ní tíì padà.

Àsìkò ṣe pàtàkì ju ohun èlò lọ. Láti oṣù kẹrin sí ìkẹwàá ni òjò ń rọ̀ lágbègbè wa. Àgbàrá ńlá kan ṣoṣo lè gbá ìdajì àwọn ẹ̀dá yìí lọ, kí ẹni tó ń yẹ odò wò sì rò pé májèlé ló pa wọ́n. Ẹ jẹ́ kí ó tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí odò kún kẹ́yìn. Ìgbà tó dára jù ni ìparí oṣù kọkànlá sí oṣù kìíní, nígbà tí omi ti lọ sílẹ̀ tó sì mọ́, ṣùgbọ́n tó ṣì ń ṣàn. Ọ̀pọ̀ odò kékeré wa ni kì í rí oṣù kẹta kó má tíì já sí adágún adágún, adágún sì ní ìwọ̀n tirẹ̀: ẹ má fi wé omi tó ń ṣàn. Oṣù tí ẹ bá lò lọ́dún yìí ni kí ẹ lò lọ́dún tó ń bọ̀.

Ojú ibi mẹ́ta ló tó: ọ̀kan lókè ìlú, kó tó kan ilé tàbí oko, ọ̀kan ní ìsàlẹ̀ ibi tí ẹ fura sí, bíi nǹkan bí àádọ́ta mítà, ẹ̀kẹta ní kìlómítà kan sísàlẹ̀, láti mọ̀ bóyá odò ń wo ara rẹ̀ sàn. Kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra. Bí ibi kan bá jẹ́ omi tó ń sáré lórí òkúta, tí èkejì sì jẹ́ omi jẹ́jẹ́ lórí iyanrìn, ìyàtọ̀ tí ẹ máa rí kì í ṣe ti ìdọ̀tí. Láti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ máa gòkè, torí bí ẹ bá ru omi òkè, ẹrẹ̀ yín ni ẹ óò bá nísàlẹ̀.

Kí ẹsẹ̀ tó kan omi, ẹ kí àwọn tó ni odò. “Okun o” kò wúwo lẹ́nu. Odò mìíràn ní ọjọ́ tí a kì í wọ̀ ọ́, òmíràn ní ibi tí wọn kì í fọwọ́ kàn. Àwọn ìyá tó ń pọnmi sì mọ odò ju ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni lọ, bí a bá bi wọ́n dáadáa. Bí a bá bèèrè pé “ṣé omi yìí dára?”, bẹ́ẹ̀ ni lásán la máa gbọ́. Ẹ bi wọ́n báyìí: “Ẹ̀yin ìyá, ìgbà wo lẹ rí akàn lábẹ́ òkúta níbí kẹ́yìn? Oṣù wo ló máa ń gbẹ nísinsìnyí, oṣù wo ló ń gbẹ nígbà tí ẹ wà lọ́mọge?” Ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo etí odò. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ wa, igbó tó bo etí odò ló sì ń gba omi sílẹ̀: ògùrọ̀, ọparun, àti àwọn igi ńlá tí wọn kò tíì fi ṣe pákó. Ẹ fẹsẹ̀ wọn bí igbó náà ṣe fẹ̀ tó ní ọ̀tún àti ní òsì. Níbi tí oko kajú tàbí àgbàdo bá ti bá omi pàdé láìsí igbó kankan láàárín, òjò àkọ́rọ̀ yóò gbá eérú, ilẹ̀ àti oògùn wọlé tààrà. Oòrùn pẹ̀lú: omi tó wà ní 25°C lè gba nǹkan bí mílígíráàmù 8.3 ọ́síjìn nínú lítà kan, ní 30°C ó di bíi 7.6. Ẹni tó gé igi etí odò ti dín èémí odò kù kó tó da ohunkóhun sí i.

Ẹ mú òkúta mẹ́wàá nísàlẹ̀ omi, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo ìlà tó wà lára wọn, níbi tí ẹrẹ̀ gbà dé. Òkúta tó kàn jókòó lórí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yàrá lábẹ́. Èyí tó rì ju ìdajì lọ, ẹrẹ̀ ti di ilẹ̀kùn pa, kò sí ibùgbé níbẹ̀ bó ti wù kí omi náà mọ́ tó. Bí ẹ bá rí ohun tó ń dán bí epo lójú omi, ẹ má tíì pariwo. Ẹ fi igi tọ́ ọ: bó bá fọ́ wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí awo, irin inú ilẹ̀ àti kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ẹ́ ló fà á, odò kò ṣàìsàn. Bó bá yí ká igi tó sì tún papọ̀, epo ọkọ̀ ni; ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń fọ ọ̀kadà.

Ọsàn kan àti tépù tó láti mọ bí omi ṣe pọ̀ tó. Ẹ wọn mítà 10 létí odò, ẹ sọ ọsàn sómi, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá tó fi dé ìsàlẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ pín in dọ́gba. Ẹ wọn fífẹ̀ odò àti jíjìn rẹ̀ níbi márùn-ún. Bó bá fẹ̀ ní mítà 2.4, tó jìn ní mítà 0.22, tí ọsàn lo ìṣẹ́jú àáyá 25, ìyẹn 2.4 lọ́nà 0.22 lọ́nà 0.4. Ẹ tún fi 0.85 sọ ọ́ di púpọ̀, torí omi ojú ń sáré ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Yóò fún yín ní nǹkan bí lítà 180 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ má fojú tín-ín-rín iṣẹ́ yìí. Àgbá kan omi tí wọ́n fi rẹ ẹ̀gẹ́ nínú odò tó ń ṣàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan náà pẹ̀lú àgbá kan nínú odò tó kù bí okùn.

Ó wá kan àwọ̀n. Wáyà líle tí a tẹ̀ ní igun mẹ́rin, sẹ́ntímítà 30 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, lórí igi tó gùn tó mítà kan àbọ̀. Ojú àwọ̀n kò gbọdọ̀ ju mílímítà kan lọ, kí àpò rẹ̀ sì jìn tó sẹ́ntímítà 40. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe: wọ́n á gé àwọ̀n ẹ̀fọn tí wọ́n pín fún wọn. Àwọ̀n yẹn ní oògùn apakòkòrò lára. Yóò pa ohun tí ẹ fẹ́ kà, yóò sì ba odò tí ẹ wá yẹ̀ wò jẹ́. Aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ ògì náà kò dáa: ojú rẹ̀ ti kéré jù, omi á máa ta padà lẹ́nu àpò, á sì máa kó àwọn ẹ̀dá jáde. Nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé, tí wọ́n ń ta ní yáàdì, ló sún mọ́ ọn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó kéré jù á bọ́ lára rẹ̀.

Ẹ wọ bàtà òjò, kí ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́ níbi tí omi bá ti rọra ń lọ. Àtọ̀sí ajá kì í wo ojú ẹni, ọ̀sán gangan sì ni àwọn kòkòrò rẹ̀ máa ń jáde lára ìgbín omi jù. Ẹ gbé ẹnu àwọ̀n kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀, ẹ dúró ní apá òkè rẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ ru òkúta fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ fi àwọ̀n gbá abẹ́ koríko àti gbòǹgbò etí odò títí yóò fi tó mítà méjì. Ẹ ru iyanrìn àti ẹrẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Kí gbogbo ojú ibi gba ìwọ̀n kan náà. Ẹni tó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ru òkè tó sì fi mẹ́ta ru ìsàlẹ̀ kò tíì fi nǹkan wé nǹkan.

Ẹ da ohun tó wà nínú àpò sínú àwo funfun pẹrẹsẹ tó ní omi díẹ̀, kí ẹ sì jókòó tì í. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ kì í fi nǹkan hàn ju ewé àti yẹ̀pẹ̀ lọ. Bó bá pẹ́ díẹ̀, ewé kan á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìṣẹ́jú ni kí ẹ fún àwo náà, pẹ̀lú ṣíbí ike àti gíláàsì tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá.

Ọmọ kòkòrò tí kò tíì hu ìyẹ́ ni stonefly, mayfly àti caddisfly tí ẹ óò máa wá. Stonefly ló le jù láti rí, òun náà ló sì ń kọ́kọ́ kú. Ìrù méjì ló ní, èékánná méjì ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àti irun funfun ní abíyá tó fi ń mí. Mayfly sábà máa ń ní ìrù mẹ́ta, èékánná kan lẹ́sẹ̀, àti ẹ̀yà ìmí bí ewé wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn. Irú rẹ̀ pọ̀. Èyí tó tẹ́ bí pákó, tó lẹ̀ mọ́ òkúta, kì í gba ìgbàkugbà. Èyí tó ń lúwẹ̀ẹ́ bí ọmọ ẹja ní ìfaradà díẹ̀. Ẹ̀kẹta kékeré wà tó ní ìdérí méjì onígun mẹ́rin lẹ́yìn, Caenis: ìdérí yẹn ń dáàbò bo ẹ̀yà ìmí rẹ̀ lọ́wọ́ ẹrẹ̀, nítorí náà inú ẹrẹ̀ gan-an ló ti ń gbádùn. Caddisfly dà bí ìdin tó lẹ́sẹ̀ mẹ́fà, ó ní ìkọ́ méjì nídìí. Àwọn kan ń kọ́lé kiri fún ara wọn pẹ̀lú iyanrìn tàbí èèpo igi. Ọmọ lámilámi sanra, kò ní ìrù gígùn, a máa tú omi láti ìdí láti fi sáré. Ti lámilámi tẹ́ẹ́rẹ́ ní ewé mẹ́ta nídìí. Akàn, edé, ìṣáwùrú, eṣúṣú, ìwọ̀nyí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ìdin pupa tó ń ká kò bí ìkọ́ náà, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ ló fi ń di ọ́síjìn mú níbi tí kò ti sí. Ìdin tó ní ìrù gígùn bí ti eku, tó ń na ìrù náà sókè láti mí, ìyẹn kò nílò ọ́síjìn inú omi rárá. Bó bá jẹ́ àwọn wọ̀nyí nìkan lẹ rí, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Ìlànà máàkì tó rọrùn jù ni miniSASS, tí wọ́n ṣe ní South Africa. Stonefly gba 17, mayfly tó ń lúwẹ̀ẹ́ gba 5, àwọn mayfly yòókù 11, caddisfly 9, ọmọ lámilámi 6, lámilámi tẹ́ẹ́rẹ́ 4, akàn àti edé 6, àwọn kòkòrò omi oníyẹ̀ẹ́ líle àti irú wọn 5, ìgbín omi 4, kòkòrò pẹrẹsẹ bí ewé 3, ekòló 2, eṣúṣú 2, ìdin eṣinṣin gbogbo 2. Iye orí kò ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Ẹyọ kan tó láti fún ọ̀wọ́ rẹ̀ ní máàkì. Ẹ ro máàkì pọ̀, ẹ pín in sí iye ọ̀wọ́ tí ẹ rí. Ká ní ibi tó wà lókè ìlú fún yín ní mayfly méjèèjì, caddisfly, lámilámi méjèèjì, akàn, kòkòrò oníyẹ̀ẹ́ líle àti ìdin eṣinṣin: 48 ní ọ̀nà mẹ́jọ, 6.0. Ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n ń rẹ ẹ̀gẹ́ fún yín ní ekòló, eṣúṣú, ìdin pupa (ìdin eṣinṣin ni), ìgbín omi àti ìròmi (kòkòrò oníyẹ̀ẹ́ líle lòun náà): 15 ní ọ̀nà márùn-ún, 3.0. Ẹ sì ṣàkíyèsí pé ìròmi ló gbé e dé 3.0 yẹn. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ó di 2.5. Ó tún wà níbẹ̀ tó ń jó.

Mo fẹ́ràn ìlànà yìí, ṣùgbọ́n ó ní àléébù nílẹ̀ wa. Odò South Africa ni wọ́n fi díwọ̀n rẹ̀. Ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ìdílé stonefly kan ṣoṣo la ń rí, kò sì sí ní gbogbo odò, nítorí náà àìsí rẹ̀ nìkan kò tó láti dá odò lẹ́bi. Caenis tó fẹ́ràn ẹrẹ̀ ń gba 11 bíi ti mayfly tó lẹ̀ mọ́ òkúta. Bó bá jẹ́ òun nìkan lẹ rí, ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdin eṣinṣin dúdú kékeré tó ń jẹni létí odò, tó ń fa ojú fífọ́, 2 lòun náà ń gbà, bẹ́ẹ̀ omi tó ń sáré tó sì kún fún ọ́síjìn ló nílò. Ẹ wá a lára òkúta àti ewé níbi omi ti ń já, ó dúró bí ìgò kékeré tó fi ìdí lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó jẹ́ ẹ̀rí rere fún odò, ìròyìn burúkú fún àwọn tó ń gbé létí rẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn tó ń pín Mectizan, oògùn àrùn ojú fífọ́ náà. Gbogbo èyí ni mo fi gbà pé kí ẹ lo máàkì láti fi ojú ibi wé ojú ibi, ọdún wé ọdún, lórí odò kan náà. Ẹ má fi ṣe ìdíje láàárín ìlú.

Ohun tó bọ́ lọ́wọ́ odò ni kí ẹ wò ju iye máàkì lọ, torí ọ̀nà tí wọ́n gbà kú máa ń sọ ohun tó pa wọ́n.

Bí ìdin pupa bá pọ̀ bí iyanrìn, tí irun eérú bí òwú lẹ̀ mọ́ igi inú omi, tí àbàtà ń rùn, oúnjẹ ló pọ̀ jù nínú omi, tí àwọn kòkòrò àìfojúrí sì ń lo ọ́síjìn tán lórí rẹ̀. Lágbègbè wa, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, lẹ́yìn náà omi ibi tí wọ́n ti ń fún epo pupa. Ẹ̀gẹ́ ń lo ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún nínú omi. Sítáàṣì rẹ̀ ń jáde, omi ń kan, májèlé sáyánáìdì tó wà lára rẹ̀ náà sì ń jáde. Kò sí ìdí tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ inú odò. Àgbá ike lẹ́yìn ilé ń ṣe iṣẹ́ kan náà, kí a da omi rẹ̀ sílẹ̀ gbígbẹ tó jìnnà sí bèbè, kì í ṣe sí gọ́tà tó ń padà sódò.

Bí òkúta bá rì, tí ó jẹ́ Caenis àti ekòló ló kù, tí ọ́síjìn sì dára, ẹrẹ̀ ni. Ẹ gòkè lọ wo ibi tí wọ́n ti ń fọ wúrà tàbí tí típà ti ń kó iyanrìn. Òkúta ilẹ̀ Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ ní wúrà nínú, àwọn awakùsà sì mọ̀ ọ́n. Mẹ́kúrì tí àwọn kan fi ń mú wúrà jọ kì í hàn nínú àwọ̀n. Ìwọ̀n tí òfin omi mímu ilẹ̀ wa fàyè gbà kò ju mílígíráàmù 0.001 nínú lítà kan, inú ẹrẹ̀ àti ara ẹja ló sì ń kó jọ sí. Bí ẹ bá ń gbé nǹkan lọ sí ilé àyẹ̀wò, ẹ gbé ẹrẹ̀ àti ẹja pẹ̀lú omi.

Èyí tó ń dẹ́rù bani ni ẹ̀kẹta: omi mọ́, òkúta kò rì, ọ́síjìn dára, ṣùgbọ́n edé àti mayfly pòórá, nígbà tí ìgbín omi àti ekòló wà lálàáfíà. Oògùn apakòkòrò ló máa ń pa bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹni tó fọ agolo ìfúnoògùn rẹ̀ nínú odò, ó lè jẹ́ ẹni tó fi gámálìn pẹja. Ẹ má jẹ ẹja ibẹ̀.

Àyẹ̀wò omi fúnra rẹ̀ kò ní gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ́síjìn ni kó ṣáájú, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì: kí oòrùn tó là, àti ní aago méjì ọ̀sán. Odò tí ewéko yíyọ̀ bò lè ní ọ́síjìn jaburata lọ́sàn-án, kó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní nǹkan kan láfẹ̀mọ́júmọ́. Ẹni tó wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án nìkan á kọ̀wé pé odò yá gágá. Ẹja ń fẹ́ ju mílígíráàmù 5 lọ nínú lítà kan. Abẹ́ omi ni kí ẹ ti dé ìgò, kí afẹ́fẹ́ má kù sí i. Fún pH, ìyẹn ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó, bébà tó ń pàwọ̀ dà kì í ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé nínú omi orí òkúta wa, iyọ̀ inú rẹ̀ kéré jù. Ẹ lo ẹ̀rọ, kí ẹ fi omi òṣùwọ̀n pH 4 àti 7 tún un ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà. Láàárín 6.5 sí 8.5 ni a máa ń retí.

Máàkì tó ga kò sọ omi di mímu. Akàn àti mayfly lè wà níbi tí ìgbẹ́ ènìyàn ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Òfin omi mímu ní kò gbọdọ̀ sí E. coli, kòkòrò àìfojúrí inú ìgbẹ́, kankan nínú mílílítà 100, ilé àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ ìyẹn, pẹ̀lú ìgò tí a ti pa kòkòrò inú rẹ̀, nínú yìnyín, kí wákàtí mẹ́fà tó pé. Pẹ̀lú ọ̀nà wa sí Lọ́kọ́ja, àárọ̀ kùtù ni kí ẹ bù ú.

Bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú ẹ̀dá kan tí ẹ kò mọ̀, ọtí ìwòsàn tó jẹ́ ìpín 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni kí ẹ lò. Ògógóró kò le tó, yóò kàn jẹrà sínú rẹ̀ ni. Àwọn yòókù, ẹ dá wọn padà láàyè. Ẹ sá àwọ̀n gbẹ kó tó wọ odò mìíràn. Òkúta tí ẹ yí, ẹ yí i padà sí ojú tó dé mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹyin ń bẹ lábẹ́ rẹ̀.